Ojú Ni Wọ́n Fi Ń Dájọ́: Bí Àfihàn Ajá Ṣe Ń Ba Ìran Ajá Jẹ́

Àwọn tó fẹ́ràn àfihàn ajá ní àwíjàre kan tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní bí kò bá sí àfihàn, ìran àwọn ajá àtàtà ì bá ti dàrú tipẹ́. Wọ́n ní orí pápá àfihàn ni a ti ń ya ajá tó péye sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ní àbùkù, kí ó lè jẹ́ pé ọmọ ajá rere nìkan ni yóò máa jogún ìran. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ fẹ́ràn ajá wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ di òtítọ́. Èrò tèmi ni pé àfihàn ajá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ohun tó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn, ti ba púpọ̀ nínú àwọn ìran wọ̀nyí jẹ́ ju bí ó ṣe tún wọn ṣe lọ.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tí ì rí irú àfihàn bẹ́ẹ̀ rí, bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìlànà tirẹ̀, èyí tó sọ bí orí, etí, ẹ̀yìn, ìrù àti irun rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Kennel Club ni olùtọ́jú ìwé náà. Ẹni tó ni ajá yóò fà á wọ pápá, yóò bá a sáré yí ká. Adájọ́ yóò fọwọ́ tọ́ ọ káàkiri ara, yóò la ẹnu rẹ̀ wo eyín, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí èyí tó rò pé ó sún mọ́ ìwé ìlànà jù lọ. Kò ní béèrè bóyá ajá náà mọ ọdẹ í ṣe. Kò ní béèrè iye ọdún tí ìyá rẹ̀ lò láyé, tàbí bóyá abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde nínú ìyá náà.

Ọdẹ ló pilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àfihàn tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ wáyé ní Newcastle ní oṣù Kẹfà ọdún 1859. Ajá ọdẹ oríṣi méjì péré, pointer àti setter, ni wọ́n kó wá síbẹ̀, ìbọn sì ni ẹ̀bùn àwọn tó gbégbá orókè. Àwa Yorùbá yóò tètè lóye irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú òwe wa, iṣẹ́ ni a fi ń dá ajá mọ̀: ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ, èyí tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. N kò tí ì gbọ́ òwe kan tó yin ajá nítorí pé imú rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ. Òótọ́ ni pé ìrísí ni wọ́n wò ní Newcastle náà, ṣùgbọ́n ajá tí a ń lò nínú igbó ni wọ́n ń wò. Ní 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀. Ní 1891 ni Charles Cruft, ọkùnrin kan tó ti ń fi títa bisikíìtì ajá ṣiṣẹ́ ṣe, bẹ̀rẹ̀ àfihàn tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè di òní. (Ẹ má ṣe fojú fo iṣẹ́ ọkùnrin náà o. Ọjà ló bí Crufts.) Díẹ̀díẹ̀ ni igbó kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ọdẹ kúrò, tó wá ku ìrísí nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ohun tó kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ lórí agbára ọ̀rọ̀ ni. Bí ìwé ìlànà bá sọ pé orí ajá kan gbọ́dọ̀ tóbi, báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ìwé kì í sábà fi òṣùwọ̀n sí i. Bí ajá méjì bá dúró níwájú adájọ́, tí orí ọ̀kan tóbi ju ti èkejì lọ, èyí tó tóbi jù ni yóò jọ ìwé lójú rẹ̀. Òun ni yóò gba ẹ̀bùn; òun náà ni àwọn èèyàn yóò máa wá, kí ó lè gun abo wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, orí tó tóbi lánàá ti di orí lásán, adájọ́ yóò sì tún wá èyí tó ju tàná lọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò pààlà fún, ṣe ń wú orí ajá láti ìran dé ìran.

Àbá lásán kọ́ ni mo ń dá. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Bern, lórílẹ̀-èdè Switzerland, wọ́n kó agbárí àwọn ajá St Bernard pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ìwé ìlànà ẹ̀yà náà. Abby Drake àti Christian Klingenberg ti Yunifásítì Manchester wọn 47 nínú àwọn agbárí náà, èyí tó kárí nǹkan bí 120 ọdún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Agbárí wọn ti fẹ̀ sí i, ó ti ga sí i, ibi tí imú ti pàdé iwájú orí sì ti dá gẹ̀rẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ohun tí ìwé ìlànà yìn gan-an ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Kò sí òkè yìnyín kankan tó béèrè irú orí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ajá náà. Ìwé ló béèrè rẹ̀.

Bí ti St Bernard bá jẹ́ ìkìlọ̀, ti bulldog jẹ́ ìtìjú. Ajá tí wọ́n ń lò láti fi bá akọ màlúù jà ni, ajá tó yára, tó sì lágbára, títí òfin fi ka eré ìkà náà léèwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1835. Nígbà tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, pápá àfihàn gbà á. Wọ́n mú orí rẹ̀ tóbi, wọ́n mú imú rẹ̀ wọlé, wọ́n mú ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tó bá mọ ìṣirò díẹ̀ yóò ti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀: orí ńlá kò lè gba ìbàdí tóóró kọjá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 lórí àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 8 nínú ìbímọ bulldog mẹ́wàá tó jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí wọn. Wọ́n ní àwọn ń dá ẹ̀yà yìí sí. Ẹ̀yà tí kò lè bímọ bí kò bá sí dókítà ẹranko nítòsí, ṣé dídá sí nìyẹn?

Ní Crufts ọdún 2012, Kennel Club pinnu pé ẹ̀yà 15 wà tó jẹ́ pé dókítà ẹranko ni yóò yẹ èyí tó bá gbégbá orókè nínú wọn wò kí ó tó lè tẹ̀ síwájú. Àwọn adájọ́ ti yan tiwọn. Wọ́n ti fọwọ́ tọ́ wọn, wọ́n ti wo eyín wọn, wọ́n ti kéde pé èyí ló dára jù. Nígbà tí dókítà wò wọ́n, mẹ́fà já: bulldog, Pekingese, basset hound, Clumber spaniel, mastiff àti Neapolitan mastiff. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ajá tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lójú adájọ́ ni dókítà sọ pé kò yẹ kó wọ pápá. Inú bí àwọn asin-ajá kan gidigidi lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n dójú ti àwọn. Àbùkù tó wà lára ajá kọ́ ló bí wọn nínú. Ẹni tó rí i ni wọ́n ń bínú sí.

Ìrísí nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kí ajá tó lè wọ irú pápá yìí, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìran, ìwé ìran ọ̀pọ̀ ẹ̀yà sì ti wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́: ajá tí òbí rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò lè wọlé. Bí akọ kan bá wá gbégbá orókè, tí gbogbo èèyàn ń gbé abo wọn tọ̀ ọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò gba ìran náà kan láàárín ọdún díẹ̀, pẹ̀lú àrùn èyíkéyìí tó bá fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ṣírò rẹ̀ ní 2008, wọ́n rí i pé nǹkan bí 10,000 ajá pug tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọra nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé 50 péré ni wọ́n. Títí di 2009, Kennel Club ṣì ń forúkọ ọmọ tí ajá bí fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ gidi, àti ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bí fún àbúrò.

Ọ̀rọ̀ Dalmatian, ajá funfun aláàmì tótòtó nì, ló fi hàn jù lọ bí ìwé ṣe lè ṣíwájú ẹran-ara lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Gbogbo Dalmatian tí ìran rẹ̀ mọ́ délẹ̀ ló jogún àbùkù kan: uric acid pọ̀ jù nínú ìtọ̀ wọn, èyí sì lè di òkúta nínú àpò ìtọ̀, pàápàá nínú akọ, títí tí ẹranko náà kò fi ní lè tọ̀ mọ́. Ní 1973, ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Schaible mú kí pointer kan ṣoṣo gun Dalmatian. Láti orí ọmọ wọn, Dalmatian nìkan ló ń mú gun Dalmatian, ó sì ń yan àwọn tí kò ní àbùkù náà. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀ mọ́. Òkúta ti lọ. Kí ni wọ́n fi san án fún un? Ní 1981, ẹgbẹ́ American Kennel Club forúkọ méjì nínú wọn sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dalmatian fárígá, wọ́n sì dá ìforúkọsílẹ̀ náà dúró. Ó di 2011 kí ìlẹ̀kùn tó ṣí padà. Ọdún 38 gbáko, nítorí pointer kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ọmọ náà mọ́! Láàárín ìgbà yẹn, ẹ ka iye akọ Dalmatian tí ìtọ̀ há mọ́ nínú.

Ti basenji, ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò tí kì í gbó, dára díẹ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n kó lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930 kò pọ̀, àrùn ẹ̀jẹ̀ àti àrùn kíndìnrín sì wá gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó di 1987 àti 1988, àwọn asin-ajá láti Amẹ́ríkà padà lọ sí Kóńgò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zaire nígbà náà, lọ mú ajá tuntun lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ; ní 1990, wọ́n ṣí ìwé ìran fún wọn. Ibi tí ìwòsàn ti wá ni kí ẹ wò: ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tí kò gbọ́ orúkọ ìwé ìlànà rí.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní àwọn oníṣòwò tó ń bí ọmọ ajá bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì ló burú jù, àwọn tí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan pápá àfihàn rí. Òótọ́ ni, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Bateson ṣe, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2010, bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ oníbàárà wọn pé imú pẹlẹbẹ lẹwà? Àwòrán tí oníṣòwò ń tà, orí pápá ni wọ́n ti yà á. Wọn yóò tún ní wọ́n ti ṣàtúnṣe. Wọ́n ṣe é lóòótọ́: ní 2009, wọ́n tún àwọn ìwé ìlànà kọ, wọ́n sì fòfin de gígùn láàárín ìyá àti ọmọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, BBC gbé fíìmù Jemima Harrison jáde, nínú èyí tí gbogbo ayé ti rí ajá Cavalier tó ń jẹ̀rora nítorí pé agbárí rẹ̀ kéré fún ọpọlọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, BBC kọ̀ láti gbé Crufts ọdún 2009 sórí afẹ́fẹ́. Ìtìjú ló ṣàtúnṣe yẹn. Níbi tí ìtìjú kò tó, òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i: láti 2022, Jámánì ti ka fífi ajá tí wọ́n bí pẹ̀lú irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣe àfihàn léèwọ̀, ní 2023 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Norway fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bí Cavalier níbẹ̀ lòdì sí òfin ìtọ́jú ẹranko.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn ti wà láti àtètèkọ́ṣe. Ní ọdún 1873 kan náà tí wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀, àwọn darandaran kó ajá wọn jọ sí Bala, ní Wales, láti mọ èyí tó lè da àgùntàn jù. Láti inú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni collie òde òní ti jáde, tó mọ iṣẹ́ débi pé ó ń ka ojú àgùntàn bí ìwé. Etí rẹ̀ lè dúró, ó lè tẹ̀. Irun rẹ̀ lè gùn, ó lè kúrú. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Kò di 1976 kí Kennel Club tó gba border collie wọlé, ọ̀pọ̀ darandaran kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní Èkó àti Ìbàdàn, a ti ń rí ẹni tó ń fi ìwé ìran ajá yangàn bí ẹni fi ìwé ilẹ̀ yangàn. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Kí ẹ wá mú ajá tí ihò imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí wá sínú ooru oṣù Kẹta níhìn-ín, nínú ilé tí iná mànàmáná kò dúró. Èmi kò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pe ìyẹn ju ìyà lọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n ṣí ìwé ìran fún ẹ̀jẹ̀ tuntun níbikíbi tí àrùn bá ti gba ìran kan. Kí wọ́n fi òṣùwọ̀n sí ìwé ìlànà, bí àwọn ará Nẹ́dálándì ṣe fi òṣùwọ̀n sí gígùn imú nínú òfin tiwọn ní 2019. Kí dókítà sì ṣíwájú adájọ́ níbi gbogbo, fún gbogbo ajá onímú pẹlẹbẹ. Yunifásítì Cambridge àti Kennel Club ti jọ gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti 2019: dókítà yóò fetí sí èémí ajá, wọn yóò mú un sáré díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, dókítà yóò sì tún fetí sí i. Ajá tí kò bá lè sáré ìṣẹ́jú mẹ́ta láìjẹ́ pé èémí há a lọ́fun, kí ni adájọ́ tún fẹ́ wò lára rẹ̀?