Ẹ Má Fi Ebi Ọmọ Gbẹ̀san Lára Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Kristi tí ẹ wà lókè Ọya, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ìgbéyàwó bá tú ká, àwọn bàbá kan á ní: “Kó dá ọmọ mi padà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ n kò ní san kọ́bọ̀.” Ìwọ tó o lọ́mọ, ta ló wá ni owó ilé ìwé rẹ̀? Òfin ìgbéyàwó kóòtù ti 1970 ní ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú lọ́kàn adájọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí òbí gbọ́ bùkátà ọmọ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ẹ ka 1 Tímótì 5:8 pẹ̀lú. Má gbé ìdámẹ́wàá wá nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ rẹ kúrò ní kíláàsì. Fi owó náà ránṣẹ́ lónìí.