Ìṣirò àrùn ní yunifásítì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ilé wa mọ́ ọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Thamesmead, tó ń gba Woolwich kọjá lọ sí Greenwich, ẹ mọ bí ikọ́ ṣe máa ń gba inú kíláàsì kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́. Ohun tó le ju ikọ́ lọ náà máa ń tàn bẹ́ẹ̀. Ní 1997, àwọn oníwádìí yẹ ọ̀fun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní wò ní Nottingham. Lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọjọ́ kìíní, bíi 7 nínú 100 ló gbé irú kòkòrò tó lè fa meningitis, àrùn tí àwọn àgbà kan ń pè ní lọ́rùnlọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti di 23 nínú 100. Ọjọ́ mẹ́rin péré o! Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e kì í ṣàìsàn, àmọ́ ó lè ran ẹlòmíì. (Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25, tí kò sì gba abẹ́rẹ́ MenACWY nílé ẹ̀kọ́, kó lọ bá GP rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.)

Irú nǹkan báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi kọ̀ǹpútà tọpa. Wọn á bèèrè ẹni tó ń bá ta gbé, iye èèyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pàdé lójúmọ́, àti ọjọ́ tí àrùn fi ń fara pamọ́. Lẹ́yìn náà, wọn á dán ọgbọ́n wò: bí a bá ń ṣàyẹ̀wò lemọ́lemọ́ ńkọ́? Bí a bá gbé kíláàsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ní 2020, ìṣirò David Paltiel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àyẹ̀wò Kòrónà tí kò wọ́n, tí èsì rẹ̀ ń yá, lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá ń ṣe é ní ọjọ́ méjì-méjì, bí kò tilẹ̀ rí gbogbo ẹni tó ní àrùn.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ní Yunifásítì Illinois tó wà ní Urbana-Champaign, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi itọ́ ṣàyẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún yẹn kan náà. Àwọn tó ṣe ìṣirò ti ka pátì mọ́ ọn. Ohun tí wọn kò kà ni pé ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní Kòrónà á tún múra lọ sí pátì! Iye àwọn tó kó àrùn fò kọjá ohun tí wọ́n ń retí, títí wọ́n fi mú òfin le.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ọmọ tó ń gbé nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn láti kà: yàrá rẹ̀ nìyí, àwọn tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnnì nìyí. Ọmọ Thamesmead tó ń tilé lọ sí yunifásítì ńkọ́? Màmá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, ìyá àgbà wá kí wọn láti Ìbàdàn, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń sùn nínú yàrá kan, ọjọ́ Sunday sì di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kó dá wà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Níbo ni kó dá wà sí?

Nígbà Kòrónà, àwọn oníwádìí Bristol bi akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì wọn léèrè àwọn tí wọ́n ń bá pàdé, nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní CON-QUEST. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìṣirò dúró lé. Bí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye èèyàn tó ń sùn nílé wọn, nítorí lánlọ́ọ̀dù tàbí nítorí Home Office. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ẹ ó kọ orúkọ mi síbẹ̀? Ta ló máa rí i? Bí ìdáhùn wọn ò bá yé yín, ẹ má kọ ọ́.

Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ yunifásítì kí àjàkálẹ̀ mìíràn tó dé: kí wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ nínú ọgbà fún ọmọ tó ń tilé wá, kó lè sùn síbẹ̀ bó bá kó àrùn, kó má gbé e lọ bá ìyá àgbà. Yàrá mélòó ló máa tó? Ìyẹn gan-an ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò fún wa.