Ìdérí Olójú Tàbí Àrọ? Lórí Orúkọ Àwọn Iná Ayàwòrán Lábẹ́ Omi

Kò sí ibi tí atúmọ̀-èdè tí ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti lè tètè ṣìnà tó iṣẹ́ yíya àwòrán àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun. Ní Ọ̀nà-omi Lembeh, lẹ́bàá erékùṣù Sulawesi ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, iyanrìn dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde ni ó tẹ́ ìsàlẹ̀ omi lọ súà. Níbẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ti ń wá ẹ̀dá tí ojú lè fò dá, irú bí ẹṣin òkun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní Hippocampus bargibanti ní ọdún 1970, tí gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 3. ‘Macro’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé orísun ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gíríìkì yóò pè é ní àwòrán ńlá, bẹ́ẹ̀ ohun kékeré ni ó wà níwájú kámẹ́rà. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ní lọ́kàn ni pé àwòrán tí ó bọ́ sí inú kámẹ́rà tó ohun náà fúnra rẹ̀ ní ìtóbi, ó kéré tán. ‘Àwòrán ìtóbi-kan-náà’ sàn ju àwòrán ńlá lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó le jù. Omi a máa gbé àwọ̀ pupa mì ṣáájú àwọ̀ yòókù, nítorí náà ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun níláti gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ dání. Iná tí ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá bí kámẹ́rà ti ń ya àwòrán ni ó ń lò. Kì bá wu ènìyàn kí ó pè é ní mànàmáná, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ti di orúkọ iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì láti ìgbà pípẹ́. ‘Iná akọmànà’ ni ó tọ́, nítorí ọmọdé pàápàá mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí nǹkan kọ mànà.

‘Focus’ ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Nígbà mìíràn ó túmọ̀ sí pé kí lẹ́ǹsì rí ohun kedere. Nígbà mìíràn, pé kí ìmọ́lẹ̀ rọ́ jọ sójú kan. ‘Focus light’ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ó rọ́ jọ rárá. Àtùpà lásán ni, tí ń tàn láìkú, kí kámẹ́rà lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ yà. Bí iná ọdẹ ti rí sí ìbọn ni òun náà rí sí iná akọmànà: ọ̀kan ń ṣàwárí, èkejì ń parí iṣẹ́. ‘Iná atọ́nà’ tó o.

Èyí tí ó ń há ìmọ́lẹ̀ mọ́ sójú kan ni ‘snoot’, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sí ẹnu iná akọmànà, kí ẹja kan ṣoṣo lè mọ́lẹ̀ kí gbogbo àyíká rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: èérún tí ó léfòó nínú omi kì í rí ìmọ́lẹ̀ gbà, kò sì ní fi àmì funfun ba àwòrán jẹ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ronú kan àrọ tí àwọn elépo fi ń rọ epo sínú ìgò. Orúkọ náà dùn létí, ó sì jọ ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n àrọ kì í fi epo ṣòfò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ‘snoot’ jẹ́ ọ̀pá oníhò lásán: díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba ihò náà kọjá, ìyókù ń ṣègbé sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ àrọ bá ti kọ́ pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jáde yóò dín agbára iná rẹ̀ kù nígbà tí ó yẹ kí ó fi kún un, òkùnkùn biribiri ni yóò sì gbé jáde nínú omi. Orúkọ ni ó ṣì í lọ́nà. Kámẹ́rà kò ṣẹ̀. Àwọn tí a fi lẹ́ǹsì sí nínú nìkan, tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní tòótọ́, ni àrọ bá mu.

‘Ìdérí olójú’ ni ó bá gbogbo wọn mu: ó dé ẹnu iná, ó sì dá ojú kan sí. Bí ẹnìkan bá wí pé ẹni tí ó ní ojú ni olójú, kí ó rántí pé abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ní ojú.

Àwọn kan yóò béèrè pé ta ni yóò wẹdò lọ sí Lembeh kí ó tó lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Irú ìdérí kan náà ni àwọn ayàwòrán ń lò nínú ilé iṣẹ́ wọn lórí ilẹ̀, tí àwọn òṣèré sì ń lò lórí ìtàgé. Olùkọ́ tí ń kọ́ni nípa ìmọ́lẹ̀ pàápàá lè fi páálí dídì ṣe é, kí ó dá ihò sí i, kí ó fi dé ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Asẹ́ tí àwọn kan dámọ̀ràn kò yẹ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ó dúró de gíláàsì aláwọ̀, tí ń dá àwọ̀ kan dúró tí ó sì ń jẹ́ kí òmíràn kọjá.