Ẹ yé pa update kọ̀ǹpútà: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà

Ẹ dé Afọ̀n lónìí, ẹ ní ẹ fẹ́ tẹ ìwé jáde. Business centre ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ ó ki flash yín bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ó sanwó, ẹ ó máa lọ. Ẹni tó tẹ̀lé yín náà á ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ti lè gba ogún flash. Ẹ wá bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé ìgbà wo ló ṣe update Windows ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn: "Dátà dà?"

Mi ò bá a jà. Dátà wọ́n, iná ò dúró, update sì lè jẹ dátà oṣù kan tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi máa ń pa update kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà, wọ́n á ní àwọn ṣe é lóore ni. Èmi ń sọ pé kì í ṣe oore. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún olè, flash tí à ń ki bọ̀ ọ́ kiri yìí sì wà lára ohun tí olè lè bá wọlé.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé tí a ò bá ti tẹ fáìlì àjèjì, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ ṣe ki flash bọ̀ ọ́, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, Windows fúnra ẹ̀ ti ń ka bí wọ́n ṣe to ẹrù inú ẹ̀: orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Apá tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní file system. FAT àti NTFS wà lára àwọn tí Windows ń lò jù. Yàrá inú lọ́hùn-ún ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wà.

Àwa ará ẹnubodè mọ àpèjúwe tó bá a mu. Ọkọ̀ kan dé láti Bẹ̀nẹ̀, ìwé ẹ̀ ní àpò ìrẹsì 50 ló kó. Aṣọ́bodè gba ìwé gbọ́, kò ka ẹrù, àyè àpò 50 ló ṣí sílẹ̀ ní sítọ̀. Nígbà tí wọ́n já ẹrù, àpò 600 ni! Ẹrù kún sítọ̀, ó ya wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó bo tábìlì tí òǹtẹ̀ ìjọba wà. Ẹni tó di ẹrù náà sì ti mọ àpò tó máa bọ́ sórí òǹtẹ̀ yẹn. Bí àbùkù mẹ́mọ́rì ṣe rí gan-an nìyẹn. Kóòdù gba iye tí ẹrù pe ara ẹ̀ gbọ́, dátà ya kọjá àyè tí wọ́n fún un, ẹni ibi sì lè gba àkóso.

Kì í ṣe àlọ́ o. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2025, Microsoft kó àtúnṣe jáde fún àwọn àbùkù Windows kan tí àwọn ọ̀daràn ti ń lò kí àtúnṣe tó dé. Mẹ́rin nínú wọn wà nínú kóòdù FAT àti NTFS yìí. Nínú ọ̀kan lára ti NTFS, ẹni tó bá ki flash burúkú bọ kọ̀ǹpútà lè rí lára ohun tó wà ní mẹ́mọ́rì ẹ̀ kà. Linux náà ò bọ́ ńbẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, ilé-iṣẹ́ Qualys fi hàn pé tí èèyàn bá to fódà sínú fódà títí ọ̀nà wọn fi gùn ju gígábáìtì 1 lọ, òǹkà lè kọjá ohun tó yẹ kó gbà á, ẹni tí ò láṣẹ kankan sì lè fi í di ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Láti 2014 ni àbùkù yẹn ti wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí ojú ò tètè rí i? Èdè C ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù yìí, C kì í sì í bi ẹrù pé ṣé àyè gbà á. Kóòdù náà tún ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún flash tó dára, àfi tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé èyí tó bàjẹ́ fún un. Ohun tí syzkaller ti Google ń ṣe nìyẹn. Tọ̀sán-tòru ló ń ju ẹrù jákujàku lu Linux, irinṣẹ́ mìíràn á sì máa ṣọ́ ààlà mẹ́mọ́rì, á pariwo bí kóòdù bá ti kọjá ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbùkù ni wọ́n ti fi irú ẹ̀ rí. Rust, èdè tó máa ń yẹ àyè wò, ti wọ Linux láti ẹ̀dà 6.1, oṣù Kejìlá 2022. Ṣùgbọ́n kóòdù C àtijọ́ ò ní pòórá lọ́la. Inú update ni àtúnṣe ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnìkan á ní, "Ta ló ń wá ará Afọ̀n?" Ẹ wo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà business centre ná: NIN, ìwé-ẹ̀rí, nọ́ńbà àkáǹtì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ owó dátà update sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe ń yọ owó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún un ṣe, ẹ má pa update láìsọ fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó ṣì ń lo Windows 10, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún un dúró. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lè gba Windows 11, Linux wà lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà má pa update tòun náà.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kòkòrò tiwa yìí, inú Windows gan-an ló sùn sí, flash ló kàn lè jí i. Ẹ ṣe update.