Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Bí ọjọ́ kẹjọ bá pé tí ọmọ ṣì wà nínú àpótí gíláàsì ní ọsibítù, báwo la ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ? Ohun tó dé bá ìdílé kan ní London nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 28 ni oyún wà tí wọ́n fi bí ọmọ náà; ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Ìyá àgbà di oyin, obì àti orógbó dání; nọ́ọ̀sì ní wọn ò lè wọlé. Wọn ò bínú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò: àrùn kan lè ti inú oyin mú un, tó ń rọ ọmọ lápá lẹ́sẹ̀. Nílé làwọn òbí ti tọ́ ọ wò dípò ọmọ, tí wọ́n gbé omi tútù síwájú Ọ̀ṣun. Ní ọsibítù, bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó pe orúkọ sí ọmọ létí jẹ́jẹ́. Orí ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó débẹ̀.

Nígbà tí dókítà yọ̀ǹda, wọ́n tẹ́ ọmọ sí ìyá láyà, ara kan ara, kí ara ìyá lè mú un móoru. Bogotá ní Kòlóńbíà ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹbọ ń lọ nílé, ìtọ́jú ń lọ ní ọsibítù. Ẹ bá wọn bẹ Ọbàtálá, Alámọ̀rere, kó parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ.