Ẹ Fún Ọ̀dọ́bìnrin Ní Káàdì Ìwòsàn Ní Orúkọ Ara Rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin bá ti délẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn kan kì í pẹ́ jáde: "Ẹ gbé ìyẹn lọ sí Òkè Ọya. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń rán ọmọbìnrin wa nílé ìwé." Wọ́n á mẹ́nu ba ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Òótọ́ ni. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé káàkiri Nàìjíríà, nínú àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, obìnrin 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kàwé rárá, ti ọkùnrin sì jẹ́ 22. Apá Àríwá ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní tiwa níbí, ọmọbìnrin ń lọ ilé ìwé, wọ́n sì ń yege. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí ẹ dúró sí ni mo ń bá yín jà lé lórí. Ẹ rò pé nígbà tí ọmọbìnrin ti jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Òṣì tó ń mú ọ̀dọ́bìnrin Yorùbá kì í dúró dè é nílé ìwé mọ́. Ẹ̀yìn ilé ìwé ló ti ń dúró dè é, láàárín ọdún méjìdínlógún sí márùndínlógójì, ilé ìwòsàn ló sì ti ń rí i mú. Tí a kò bá fún un ní adójútòfò ìlera tó jẹ́ tirẹ̀, ní orúkọ ara rẹ̀, láìfi pamọ́ sábẹ́ bàbá, ọkọ tàbí ọ̀gá, èrè ìwé tó kà kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

UN Women, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti 2018 pé láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 sí 34 lágbàáyé, obìnrin 122 ló wà nínú òṣì paraku fún ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa. Ìgbà tí agbára kún ọwọ́ ènìyàn nìyẹn, ìgbà tó yẹ kó máa kó nǹkan jọ. Ìgbà yẹn náà ni obìnrin ń bímọ, tó ń tọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí àdúgbò wa. Ọmọbìnrin jáde SS3, owó yunifásítì kò sí, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ kọ́ wẹ́dà. Àwọn méjèèjì sin ọ̀gá, àwọn méjèèjì ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ẹbí dáwó ra irinṣẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Ẹ padà wá wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin ti kúrò lábẹ́ igi, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù, ó ti ní ọmọ iṣẹ́. Obìnrin ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó ti kó kúrò ní èkejì, maṣínì tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù ti di títà, ó sì ń san gbèsè gbomúléláńtà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Oyún ló ṣẹlẹ̀. Owó káàdì, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, owó sikáànù, owó oògùn, lẹ́yìn náà ìwé gbọọrọ tí nọ́ọ̀sì kọ fún un pé kó ra gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Tó bá bí wẹ́rẹ́, a dúpẹ́. Tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù kiri lóru, ẹnìkan á máa wá owó, ẹnìkan á máa wá ẹ̀jẹ̀. Ìyá ìkókó tí kò rí owó san lè wà ní wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, nítorí pé wọn kò jẹ́ kó jáde. Nígbà tó bá fi máa délé, owó àjọ tó ń dá ti tán, gbèsè ti wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, oníbàárà ti gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, onílé kò sì dáwọ́ owó ilé dúró nítorí pé ayálégbé rẹ̀ bímọ. A máa ń sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ń fi gbogbo ọrọ̀ tó kó jọ ra ìlera, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo ní gbogbo ìgbà tó bá bímọ.

Ọ̀rọ̀ kò mọ sórí oyún nìkan. Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu màmá, ta ni ẹbí máa ń pè pé kó wá jókòó tì í? Àwọn ọmọkùnrin á fi owó ránṣẹ́, wọ́n ṣeun. Ọmọbìnrin ló ń ti ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, owó tí kò rí pa láwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kì í sì í sí nínú ìṣirò nígbà tí ẹbí bá ń ṣírò ohun tí kálukú ná.

Òfin mọ̀ pé ìbímọ ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin. Òfin iṣẹ́ wa fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán, tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà ní 2014, mo sì kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ìdajì owó oṣù fún onídìrí? Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, òfin owó oṣù náà kò sì de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹ ka àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé aládàáni, tó ń gbé oúnjẹ ní búkà, kí ẹ sọ fún mi iye wọn tí òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tó bá sì lóyún kó tó jáde SS3, ilé ìwé á lé e. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ kedere pé kí wọ́n fún ọmọbìnrin tó lóyún láyè láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ, gbogbo ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ló sì ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ń lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò sì gbà á padà ń rú òfin, ó sì yẹ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀.

Mo dé orí adójútòfò. Wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́ ní 1999, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì kọ́kọ́ wọlé. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí: òṣìṣẹ́ ni onílé, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ọmọbìnrin tó pé méjìdínlógún ti jáde kúrò lábẹ́ bàbá. Kò tíì ní iṣẹ́ ọ́fíìsì. Tó bá ní ọkọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkọ náà ń ṣe. Ọdún tí ara rẹ̀ máa nílò ilé ìwòsàn jù gan-an ni ètò náà já a jù sílẹ̀. Ní 2018, obìnrin 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní adójútòfò kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin 97.

Ẹnìkan á ní: "Tó bá jẹ́ pé iye kan náà ni, níbo ni ìyàtọ̀ wà?" Ohun tí àìní náà ń gbà lọ́wọ́ kálukú ni ìyàtọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ le lè lo ọdún mẹ́wàá kó má bá dókítà lò ju ti ibà lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kò lè bímọ méjì kó má dé ilé ìwòsàn, tó bá sì sá fún un nítorí owó, ó lè kú síbẹ̀. Ìwádìí ìjọba ti 2018 yẹn kan náà fojú bù ú pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 512 ló ń bá ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ lọ. Àwọn tó ń bú obìnrin pé àìmọ̀kan ló gbé e lọ sílé agbẹ̀bí àdúgbò, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì ní kí ìjọba bá àwọn aláìní san tiwọn. Aboyún wà nínú àwọn tó dárúkọ, pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àgbàlagbà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún ọmọ ọdún méjìlélógún tó ní ìju, tàbí tó rí kókó lọ́yàn rẹ̀. Kò lóyún, nítorí náà kò sí nínú ìwé, àyàfi tí wọ́n bá kà á mọ́ àwọn aláìní. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ní oṣù Kẹwàá 2023, ọmọ ọdún 9 sí 14 ni wọ́n fún. Àwọn tó ti lé ní ogún ọdún nígbà náà ti kọjá, kí wọ́n lọ ra tiwọn. Obìnrin ju ilé ọmọ lọ. Ìlera rẹ̀ ṣe pàtàkì ní ọjọ́ tí kò sí oyún kankan níkùn rẹ̀.

Ìtàn Abẹ́òkúta yẹ kó tì wá lójú. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, láìfi ti ọkọ rẹ̀ ṣe, títí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta fi dìde, tí wọ́n dá owó orí náà dúró ní 1948, tí Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbowó, ó mọ obìnrin ní ẹnìkan tó dá dúró. Ìyàwó lágbájá kọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé owó orí. Nígbà tó wá kan ìwòsàn, obìnrin di ẹni tí a kọ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Mo kọ̀ ọ́.

"Ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó sanwó." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ta ohun tí wọ́n ní kí ìyàwó wọn lè jáde láàyè. Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n opó ńkọ́? Èyí tí ọkùnrin fún lóyún tó sá lọ ńkọ́? Obìnrin tí ọkọ ń lù, tí ìwòsàn rẹ̀ sì wà lórí káàdì ọkọ náà, ọjọ́ wo ni yóò lè jáde nílé? Ẹ má fi ẹ̀mí obìnrin sórí pé bóyá ọkọ rẹ̀ á jẹ́ ènìyàn rere, bóyá iṣẹ́ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn ọmọkùnrin náà ń jìyà." Wọ́n ń jìyà. Ọ̀kadà ń ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ sì ń jẹ ilé wọn. Tí owó bá kárí, ẹ fún tọkùnrin tobìnrin ní káàdì lọ́jọ́ kan náà, inú mi á dùn. Tí kò bá kárí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin. N kò ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

"Kò sówó." Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní 2009. Gáńà ti yọ̀ǹda owó adójútòfò fún aboyún láti 2008. Ọmọ ìyá ni Kétu tó wà ní Benin àti Ìmẹ̀kọ tó wà lọ́dọ̀ wa, èdè kan náà, ìdílé kan náà, ààlà òyìnbó nìkan ló pín wọn. Aboyún tí iṣẹ́ abẹ bá kàn ní Kétu ní ìjọba lẹ́yìn. Ti Ìmẹ̀kọ, ẹbí rẹ̀ ló máa wá owó. Ṣé Benin ló ní epo rọ̀bì ni? Òfin ìlera wa ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ìṣúná. Ọdún mẹ́rin gbáko, òfin wà, owó kò sí.

Mo mọ̀ pé ní oṣù Kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ á di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò lówó. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ní ilé ìwòsàn ni yóò wádìí ẹni tó yẹ. Ìyẹn ni pé obìnrin tó ń rọbí máa kọ́kọ́ fi hàn pé òun tòṣì tó. N kò fara mọ́ ọn. Káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọmọ ọdún méjìdínlógún kò nílò ẹ̀rí kankan lóru ọjọ́ yẹn.

Ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní àjọ adójútòfò ìlera, ọ́fíìsì wà, òṣìṣẹ́ wà. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà ni kí wọ́n forúkọ gbogbo obìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún sí márùndínlógójì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìpínlẹ̀ san owó rẹ̀, yálà ó lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, ó lóyún tàbí kò lóyún. Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé àwọn kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ aránṣọ àti ẹgbẹ́ onídìrí ní ìwé orúkọ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n sì mọ ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe fúrídọ́ọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀. Orúkọ àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń parí ìsìn ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ kó tó dé iwájú àwọn aṣòfin.