Kí Ọlọ́jà Má Ta Ìsọ̀ Nítorí Yunifásítì Àgùdà

Augustine University wà ní Ìlárá, lójú ọ̀nà tó ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjọ Àgùdà ti Èkó ló dá a sílẹ̀, ọdún 2015 sì ni ìjọba àpapọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ń ti Mile 12 lọ síbẹ̀ lè gba Ìkòròdú, kó kọjá Ìtòìkín, kó tó dé Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe òun nìkan ni yunifásítì Àgùdà tó wà nílẹ̀. Àwọn Fádà Dominican ló ni Dominican University ní Sàmọ́ńdà, Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà Nàìjíríà ló ni Veritas ní Bwari, Àbújá, tó gbàṣẹ ní 2007. Godfrey Okoye wà ní Enugu láti 2009. Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tó jáde láti ara Lagos Business School, ń gba ìtọ́sọ́nà lọ́dọ̀ àwọn Opus Dei. Kò sí èyí tó tóbi tó UNILAG nínú wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí sì fẹ́ràn lára wọn nìyẹn.

Iléèwé gidi ni wọ́n. Síbẹ̀, ìdílé tó ń fi ọjà jẹun ní Kétu, Mile 12 tàbí Ìkòsí kò gbọdọ̀ fi owó òwò san owó ọ̀kankan nínú wọn. Àṣìṣe tó ń tú ilé ká ni, bó ti wù kí ọmọ náà mọ̀wé tó.

Ohun tó ń lé òbí lọ síbẹ̀ kò farasin. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022 wọ́n tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gba oṣù mẹ́jọ. Ọmọ tó wọ yunifásítì ní 2019 pàdánù ohun tó lé ní ọdún kan láìṣẹ̀ láìrò. Ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó ti ìyá wọn nínú ọjà, àwọn kan sì wà tí kò padà mọ́. Òbí tó bá rí irú èyí, tó wá gbọ́ pé iléèwé kan wà tí ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ kì í yẹ̀, tí olùkọ́ mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ ń sùn nínú ọgbà, tí Máàsì sì wà, kò jẹ̀bi bí ọkàn rẹ̀ bá fà síbẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é.

Àmọ́ ìyanṣẹ́lódì kọ́ ló yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń fi í dẹ́rù ba òbí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé UNILAG nìkan ni yunifásítì ìjọba tó wà l'Ékòó. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi ti UNILAG pa ní 2022, LASU, yunifásítì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Òjó, ń kọ́ ọmọ lọ ní tirẹ̀, nítorí pé kò bá wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 2022 yẹn kan náà ni ìjọba Èkó sọ Pólì Ìkòròdú di LASUSTECH, tó sì pa àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ pọ̀ di LASUED, tó ní ọgbà kan ní Nọ́fọ́rìjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Ìlárá. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba Mile 12 dé Ìkòròdú láti 2015. Ọmọ Kétu lè máa ti ilé lọ sí LASUSTECH, kó jẹun alẹ́ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, kó sì dúró ti ìsọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Owó ilé gbígbé àti owó oúnjẹ inú ọgbà, tí yunifásítì aládàáni ń kà mọ́ owó iléèwé, kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni ibi tí owó náà yóò ti wá. Aláta tó ní ìsọ̀ ní Mile 12 kì í ní owó jọ síbì kan. Inú apẹ̀rẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já tòmátò, tàtàsé àti àlùbọ́sà tó ti Òkè Ọya wá. Yóò tú ẹnu apẹ̀rẹ̀, yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, nítorí pé èyí tó wà lókè lè le koko kí ti ìsàlẹ̀ ti di omi. Nígbà mìíràn àwìn ló fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó ẹrù dé, ó sì gbọ́dọ̀ san án kó tó lè gba òmíràn. Ohun tó bá tà lónìí ló fi ń ra ti ọ̀la. Nínú èrè díẹ̀ tó bá kù ni alájọ yóò ti gba tirẹ̀, tí owó ilé, owó iná àti ọbẹ̀ alẹ́ yóò sì ti jáde. Bí a bá yọ owó ọdún kan ní yunifásítì aládàáni nínú òwò yìí, apẹ̀rẹ̀ tí ìyá náà lè rà lójúmọ́ yóò dín kù. Bí apẹ̀rẹ̀ bá dín, èrè ti dín nìyẹn, owó ọdún kejì á sì tún dé bá òwò tó ti rù. Mílíọ̀nù náírà ni wọ́n fi ń ka owó ọdún kan ní irú iléèwé bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin sì ni ẹ̀kọ́ tó kéré jù.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbára lé fún irú gbèsè yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016 ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba Akínwùnmí Àḿbọ̀dé sì ti ọjà pa. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí i tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta fi jẹ oko tòmátò run ní Òkè Ọya, tí apẹ̀rẹ̀ kan wá di ohun tí ọ̀pọ̀ aláta kò lè rà mọ́. Ní 2020 àrùn kòrónà sé gbogbo ìlú mọ́lé. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021 àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró kó má wá sí ìhà Gúúsù, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kó máa bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀ràn mẹ́rin yìí tó jẹ́ ẹ̀bi aláta kankan. Gbogbo wọn ló sì kan owó rẹ̀.

Àwọn kan á ní yunifásítì ìjọba náà kò rọ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ní 2023 UNILAG sọ owó ọdọọdún tó jẹ́ 19,000 náírà di ohun tó lé ní 100,000. LASU ti dán irú rẹ̀ wò ṣáájú: ní 2011, nígbà ìjọba Fáṣọlá, wọ́n sọ 25,000 náírà di iye tó lé ní 190,000 fún ẹ̀kọ́ tó rọjú jù, ti ìmọ̀ ìṣègùn sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọmọ tuntun tó ń wọlé dín kù, akẹ́kọ̀ọ́ yarí, ó sì di dandan kí ìjọba dá owó náà padà sí 25,000 ní 2014. Ohun tí yunifásítì aládàáni kò ní nìyí. Kò sí ìbò tí òbí lè fi halẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí gómìnà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kígbe sí létí. Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024 nípasẹ̀ NELFUND, tí kò ní èlé, iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ Mile 12 tó bá wọ LASU lè béèrè fún un. Bí ọmọ yẹn kan náà bá lọ sí Ìlárá, ilẹ̀kùn yẹn ti sé mọ́ ọn.

Èyí tó burú jù ni kí owó tán ní ọdún kẹta. Yunifásítì ìjọba tó ń gba ọmọ tó ń ti ibòmíràn bọ̀ kò pọ̀, èyí tó bá sì gbà á sábà máa ń dá a padà sẹ́yìn. Ọmọ tó bá jẹ iléèwé lówó kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà. Ìdílé á wá ní ìsọ̀ tó ti ṣófo àti ọmọ tí kò gboyè. Bí ọmọ mìíràn bá tẹ̀ lé e, ìyà tirẹ̀ tún ni.

Ìjọ Àgùdà ní èsì láti fọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1980, nígbà tí ìjọba Lateef Jákàńdè kéde pé òun yóò fòpin sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, Anthony Olúbùnmi Okogie, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó, ló gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Kóòtù dá a láre pé ara ẹ̀tọ́ ènìyàn láti tan èrò rẹ̀ kálẹ̀ ni dídá iléèwé sílẹ̀ wà. Ní 2001 ìjọba Èkó dá ọ̀pọ̀ iléèwé tó ti gbà tẹ́lẹ̀ padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n. Ìjọ tó jà tó báyìí nítorí iléèwé mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ọmọ tálákà. Ní 1990 Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi òfin lélẹ̀ fún yunifásítì Àgùdà gbogbo àgbáyé nínú ìwé Ex corde Ecclesiae, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó lè jàǹfààní ẹ̀kọ́, pàápàá àwọn tálákà. Notre Dame ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1842, máa ń ṣírò ohun tí agbára òbí ká, á sì fi owó ìrànwọ́ dí èyí tó kù. Ìlárá kò ní irú owó ìpamọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó retí pé kó ṣe é fún gbogbo ọmọ. Ó lè ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ àwọn ọlọ́jà, kó kéde iye àyè náà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó ìrànwọ́ náà kò ní dáwọ́ dúró títí ọmọ yóò fi gboyè. Bí kò bá ṣe èyí, àwọn tó ti lówó tẹ́lẹ̀ ló kọ́ ọ fún.

Àwọn tó lè lọ síbẹ̀ wà. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tí owó ọdún mẹ́rin kò ní kan ilé tó ń gbé tàbí òwò rẹ̀, lè rán ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá rí owó ìrànwọ́ tó kárí gbogbo ọdún ẹ̀kọ́, tó sì wà nínú ìwé, kó máa lọ láìwẹ̀yìn. Òbí Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Kòsọ́fẹ́ tí Kétu àti Mile 12 wà, lè rán ọmọ lọ bákan náà, àmọ́ kó ka òfin ọgbà dáadáa kó tó sanwó. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wò ó bóyá NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà gan-an, nítorí pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni àjọ náà ń yẹ ẹ̀kọ́ wò. Ìwé àṣẹ tí yunifásítì gbà kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló ti yege.

Ọlọ́jà tó ti jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi yunifásítì aládàáni ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB ṣì lè yí i padà. JAMB máa ń fàyè gba kí a pààrọ̀ iléèwé tàbí ẹ̀kọ́, ibùdó ìdánwò tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Kí ó ṣe é kí àkókò tó kọjá.